Obìnrin Tí Wọ́n Yá fún Àpápá

Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Bernice kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé Costain, kò sì rí nǹkan tuntun nínú rẹ̀. Ó tún kà á nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Boundary, lábẹ́ ìbòòji ìsọ̀ kan, bí ẹni tó ń wá àdírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlà kejì tí kò bá pàdé rí: sẹ́kọ́ńdímẹ́ǹtì.

Oṣù kọkànlá ọdún 1986 ni. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní yàrá fáìlì ní yunifásítì, níbi tí ìwé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé títí di ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Yàrá náà gùn, kò fẹ̀. Pẹpẹ rẹ̀ ga dé àjà. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fidelis ni ọ̀gá, ó sì ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì. Bernice ló tẹ̀lé e. Dickson, tí Bernice fi ọdún mẹ́rin ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́, ló gbẹ̀yìn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí Ọ̀gbẹ́ni Fidelis bá lọ, Bernice ni yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá wà lórí àga kejì ni yóò sún sí orí àga kìíní.

Wàyí o, wọ́n ní kó dìde lórí àga kejì, kó lọ ṣe ọdún kan ní Àpápá.

Ejiro, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ bó ṣe ń wọlé.

"Mama Jọmi, wetin happen? Ojú yín ò dáa o."

"Wọ́n fún mi ní lẹ́tà níbi iṣẹ́."

"Dem sack you?"

"Rárá. Sẹ́kọ́ńdímẹ́ǹtì ni wọ́n pè é."

Ejiro gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Sẹ́kọ́ńdì-wetin?" Ó rò ó díẹ̀. "Ah. Sẹ́kọ́ńdì-háǹdì. Dem don use you finish for that side, wọ́n wá fẹ́ kó yín wá sí Àpápá."

Ẹ̀rín pa Bernice, bí kò tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé ti gbọ́. Níbi ẹ̀rọ omi, ìyá kan bi í bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti sọ ọ́ di sẹ́kọ́ńdì-háǹdì. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì òun ṣì dára.

Akínwùmí ọkọ rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tálì-kíláàkì ni, ní Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń gba ẹrù lára ọkọ̀ ńlá ti ń gúnlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ẹrù bó ṣe ń jáde, kó máa fa ìlà sínú ìwé. Bó ṣe ń ka ẹrù ló ṣe ka lẹ́tà náà, ó ń fi pẹ́ńsù tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n yá ọ ni," ló sọ.

"Wọ́n yá mi? Ṣé ìkòkò ni mí?"

"Kò sẹ́ni tó ń yá ìkòkò tó ń jò." Pẹ́ńsù dé ìlà kẹta. "Ọdún kan. Wọ́n á dá ọ padà. Ó wà níbí."

"Bí wọ́n bá wá gbé mi lọ tán, ta ni yóò jókòó sórí àga mi?"

Akínwùmí wo ìlà kẹrin. Ó yí ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyẹn ò sí níbí," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ náà ni Bernice gbé lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fidelis lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń so okùn mọ́ fáìlì kan, kò dá ọwọ́ dúró.

"Kì í ṣe ìyà, Madam. Wọ́n ti ń ṣe é káàkiri yunifásítì báyìí. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbì kan, wọ́n á yá a fún ibòmíràn, kó lọ wo bí àwọn náà ṣe ń ṣe tiwọn. Ọ́fíìsì kékeré kan wà fún wa ní Àpápá, ibẹ̀ dàrú. Wọ́n ní kí n fún wọn lẹ́ni tó mọ nǹkan tò. Orúkọ yín ni mo kọ."

"Ẹ ṣé, sà. Àga mi ńkọ́?"

"Àga yín ò ní rìn lọ síbì kankan."

"Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, sà."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn pẹpẹ. Dickson ló ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ló sọ, "èmi á máa bá yín nù ún."

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1987, Bernice jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ bó ṣe máa ń jí. Ó ti wọ bàtà kó tó rántí pé iṣẹ́ kò jìnnà mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ohun tó lè fi wákàtí méjì ṣe. Nígbà tó yá, ó dín àkàrà. Jọmílójú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jí, ó rí ìyá rẹ̀ nídìí iná lójú mọ́mọ́, ó sì lọ bi bàbá rẹ̀ létí bóyá ara Màmá ò yá ni.

Òun àti Akínwùmí jọ jáde. Ọdún méjìlá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọn kò jọ rìn lọ síbi iṣẹ́ rí. Òkùnkùn ló máa ń gbé Bernice lọ, ìrọ̀lẹ́ á gbé e dé. Ní àárọ̀ yìí wọ́n ń gba àárín àwọn tírélà tó tò sẹ́yìn ara wọn, àwọn awakọ̀ ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Akínwùmí ń yára rìn níwájú, á sì dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ dé oríta tí ọ̀nà wọn ti yà.

"Ó dàárọ̀ o," ni Akínwùmí wí, ó ti ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, nítorí kò mọ èyí tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó ẹni ní oríta.

Yàrá méjì ni yunifásítì háyà, lókè ọ́fíìsì àwọn kan tó ń bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ìwé. Dókítà Ọláolúwa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè, ló ń darí ibẹ̀. Ó ń gba ohùn àwọn arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, orin tí wọ́n fi ń gbé ẹrù. Ó ti gba ọ̀ọ́dúnrún kásẹ́ẹ̀tì ó lé méjìlá. Inú páálí mílíìkì mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì sí èyí tí ènìyàn lè wá kó rí lọ́jọ́ tó fẹ́ ẹ.

"Ẹ má bínú o, Mìsíìsì Akínwùmí," ni Dókítà wí. "Ìmọ̀ èdè ni mo kọ́. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to nǹkan."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, Dókítà."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi wò ó. Ó fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé. Ó ní kí káfíńtà kan tó wà ní òdìkejì títì bá wọn kan pẹpẹ. Lọ́jọ́ tó parí, Dókítà Ọláolúwa pe nọ́ńbà kan tí kò rò tẹ́lẹ̀, Bernice na ọwọ́, ó gbé e fún un láìdìde. Dókítà tún pe òmíràn. Ó pe mẹ́fà, bí ọmọdé tó rí ohun ìṣeré. Ara Bernice kò gbà á dáadáa. Ní yàrá fáìlì, bí nǹkan bá wà níbi tó yẹ kó wà, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Ìgbà tí kò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n ń rántí orúkọ ènìyàn.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó ti wà nílé. Ó ń bá Jọmílójú wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní ọjọ́rú, ó ń lọ sí ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bímọ. Ejiro ní ìyàwó sẹ́kọ́ńdì-háǹdì ń dán ju tuntun lọ.

Ní oṣù kẹta, kásẹ́ẹ̀tì kejìdínláàádọ́rùn-ún sọnù. Ohùn bàbá Ìlàjẹ kan tó ti di olóògbé ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ wá gbọ́ ọ ṣáájú ìsìn ìrántí. Bernice lọ síbi tó yẹ kó wà. Àyè òfìfo ló bá. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta àti akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ló ń yá kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sì sí èyí tó rántí. Wọ́n wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, òjò ṣú, Dókítà Ọláolúwa ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀ láti mú agbòjò, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ojú ti Dókítà. Ojú ti Bernice náà, bí ẹni pé òun ló fi í síbẹ̀.

Ó ro ẹjọ́ náà fún Akínwùmí ní alẹ́.

"Kí ló wà níbi tí kásẹ́ẹ̀tì ti kúrò?" ni Akínwùmí bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Àyè ni."

"Àyè ò lè sọ̀rọ̀." Ó dìde, ó lọ wá nǹkan nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì. Idẹ pẹlẹbẹ roboto kékeré ni, ó ní ihò lókè, wọ́n sì gbẹ́ nọ́ńbà sí i lára: 47. "Tálì mi rèé. Gbogbo wa la ní. Bí mo bá fẹ́ mú irinṣẹ́ ní sítọ̀, màá gbé e kọ́ síbi tí mo ti mú un. Bí mo bá dá a padà, màá mú tálì mi. Nǹkan kì í kúrò níbẹ̀ láìfi orúkọ sílẹ̀."

Bernice gbé idẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbóná díẹ̀, láti ara ọkọ rẹ̀. Ó ti fọ ṣòkòtò yẹn láìmọye ìgbà, ó sì máa ń kó gbogbo ohun tó bá wà nínú àpò rẹ̀ sórí fèrèsé. Kò bi í rí pé kí ni.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ló wí.

"O ò béèrè rí."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Bernice bá a lọ síbi iṣẹ́ lọ wò ó. Sítọ̀ náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bí epo gíríìsì. Ìṣó ló kún ara ògiri. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbẹ́rù so kọ́ àwọn kan. Níbi tí kò sí, idẹ kan ń dán. Monday, ọkùnrin tó sanra tó ń ṣọ́ sítọ̀, fi ọwọ́ gba ara ògiri bí ẹni ń fi ilé hàn.

"Madam, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí mo bá rí tálì lórí ìṣó, mo ti mọ ẹni tí kò tíì padà. Orúkọ ẹ̀ ni màá máa pariwo títí á fi jáde wá."

Bernice dúró síbẹ̀ pẹ́. Yàrá fáìlì ló ń rò. Ọdún mọ́kànlá, àìmọye fáìlì tí àwọn ọ́fíìsì gbé lọ, àìmọye ọmọ tó dúró sí ojú fèrèsé tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Gbogbo àyè òfìfo yẹn, kò sí èyí tó dán.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gé páálí mílíìkì sí wẹ́wẹ́. Ó kọ ohun mẹ́rin sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó jáde, ẹni tó mú un, ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ tí yóò padà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú kásẹ́ẹ̀tì, á kọ́kọ́ fi káàdì rọ́pò rẹ̀. Tálì ló pè é, nítorí kò ní orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tí olùkọ́ kan fi ọjọ́ méjì kọjá ọjọ́ tó kọ, Bernice lọ bá a nínú kíláàsì. "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọjọ́ yìí, sà," ló wí fún un, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Dókítà Ọláolúwa ju káàdì lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: *tálì*.

"Ọ̀rọ̀ àyálò ni," ló sọ. "Bíi táyà. Bíi búrẹ́dì. Òyìnbó ló ni ín, a wá yá a lọ́wọ́ wọn."

Bernice gbójú sókè. "Ìgbà wo la máa dá a padà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. "Mìsíìsì, a ò dá ọ̀kankan padà rí."

Dókítà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ Bernice lára. Bernice rò ó títí dé ilé. Nǹkan méjì ni wọ́n ń yá, ìkòkò àti ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń padà, èkejì kì í padà. Akínwùmí ti sọ fún un pé ìkòkò ni. Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù kẹfà, ó lọ sí yunifásítì láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìsinmi rẹ̀. Ó yà sí yàrá fáìlì. Dickson wà lórí àga Bernice, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Mo ń bá yín nù ún ni, Màmá," ló sọ, ó ń dìde.

"Ìdí lo fi ń nù ún?"

Dickson rẹ́rìn-ín, Bernice náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó rí i pé wọ́n ti gbé tìmùtìmù òun sórí wíńdò, àti pé ife tíì ẹlòmíràn wà lórí tábìlì òun. Ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé Dickson ti kọ̀wé sókè, pé bí Ọ̀gbẹ́ni Fidelis bá lọ ní oṣù kejìlá, kí wọ́n rántí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Fidelis wà ní òpin yàrá, lórí àkàbà, ó ń wá fáìlì. Ọmọbìnrin kan ti dúró sí ojú fèrèsé láti àárọ̀. Bernice kò mẹ́nu kan àga. Ọ̀rọ̀ tálì ló sọ: idẹ tó wà lórí ìṣó, káàdì tó wà lórí pẹpẹ ní Àpápá. Ó mú ọ̀kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e fún un. Ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. Àwòrán màlúù ṣì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Hùn," ló sọ. Ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀, ó sì padà sórí àkàbà.

Bernice wọ bọ́ọ̀sì padà, ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni Dókítà Ọláolúwa pè é jókòó. Ó fẹ́ kọ̀wé kí wọ́n jẹ́ kí Bernice tún lo ọdún kan sí i, bóyá kó kúkú dúró. "Ṣùgbọ́n mo ní kí n bi yín ná. Mi ò fẹ́ gbà yín bí ẹni gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn lé e, Dókítà."

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi sùn lé e. Ejiro kò rí ohun tó ń rò níbẹ̀. "Iṣẹ́ wey leg fit reach, na him you wan leave? Fún àga?"

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dé ìdí àga yẹn, Ejiro."

"Àga tí Dickson ti jókòó sí."

Òótọ́ ni. Bó bá padà, ó lè bá Dickson nípò ọ̀gá. Yóò tún máa jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, yóò máa wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ, méjì bọ̀, kó lọ máa pe ọmọ tó ti kọ́ níṣẹ́ ní sà. Bó bá dúró, ó ní pẹpẹ rẹ̀, akọrin rẹ̀, ọkọ tó ń dúró dè é ní igun ọ̀nà. Akínwùmí kò dá sí i. Ó kàn bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ọjọ́ wo lo kọ?"

"Sórí kí ni?"

"Sórí tálì rẹ."

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó lọ bá nínú kíláàsì ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló rántí ìyá rẹ̀ ní Ilé-Olújì, tí kì í jẹ́ kí abọ́ aládùúgbò sùn mọ́ òun lọ́wọ́ ju ìgbà tó dá lọ, tí kì í sì í dá a padà lófìfo. Bí kò bá sí nǹkan nílé, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i.

"Màá padà, Dókítà," ló sọ ní ọjọ́ Ajé. "Ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà ni màá padà."

Dókítà Ọláolúwa bojú wo pẹpẹ kásẹ́ẹ̀tì. "Ta ni yóò máa wá bá mi mú kásẹ́ẹ̀tì?"

"Tálì ni."

"Mo ti rò pé ẹ ti di ọ̀rọ̀ àyálò ni."

"Ìkòkò ni mí, Dókítà."

Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1988, ọjọ́ Ajé ni. Akínwùmí sìn ín dé ibi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí kò ṣe rí ní ọdún mọ́kànlá àkọ́kọ́. Bernice dé yàrá fáìlì kó tó di agogo mẹ́jọ. Ọ̀gbẹ́ni Fidelis ti fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn, yóò mọ ẹni tó wà lórí àga kìíní.

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Pẹpẹ ló kọ́kọ́ rí. Láti iwájú títí dé òpin yàrá, káàdì funfun yọ orí jáde láàárín àwọn fáìlì, bí eyín. Níbi gbogbo tí àyè òfìfo máa ń wà, orúkọ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wo àwọn àga. Dickson wà lórí tirẹ̀, ní igun. Kò sẹ́ni lórí àga kejì. Wọ́n ti dá tìmùtìmù rẹ̀ padà, wọ́n sì fi òwú so káàdì kan mọ́ ẹ̀yìn àga. Bernice tẹ̀ ba, ó kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Fidelis ni, tínrín bí irun àgbàdo.

*Ohun tó jáde: Mìsíìsì B. Akínwùmí. Ẹni tó mú un: Àpápá. Ọjọ́ tó jáde: 5/1/87. Ọjọ́ tí yóò padà: 4/1/88.*

"Ìgbà wo ló so ó?" ló bi Dickson.

"Ọjọ́ kejì tí ẹ wá ní oṣù kẹfà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, kó kọ́kọ́ fi tálì tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti dìde." Dickson fi ọwọ́ họ orí. "Mo fi tèmi sílẹ̀ nígbà kan. Ó ní kí n kọ ọjọ́ tí màá padà sórí àga mi. Mo kọ ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, ó pariwo orúkọ mi."

Káàdì kan so mọ́ ẹ̀yìn àga kìíní náà. *Ohun tó jáde: Fidelis. Ọjọ́ tó jáde: 31/12/87.* Kò kọ nǹkan kan sí ìlà tó kẹ́yìn. Lábẹ́ káàdì náà ni lẹ́tà wà, láti ọ́fíìsì Rẹ́jísírà, ìlà mẹ́ta péré. Ní ọdún tó kọjá, fáìlì mọ́kànléláàádọ́rin tó ti sọnù ti padà sí àyè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Fidelis ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mìsíìsì Akínwùmí ló ni ọgbọ́n náà, láti Àpápá. Kó máa darí yàrá fáìlì láti òní lọ.

Bernice kò jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tú káàdì kúrò lẹ́yìn àga kejì, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. Ti àga kìíní, ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ẹ kú oríire, Màmá," ni Dickson wí. Ó wo ilẹ̀. "Mo kọ̀wé sókè o, ẹ ti lè gbọ́."

"Mo gbọ́."

"Kò dùn mọ́ mi pé àwọn èèyàn ń lọ, tí èmi kàn ń nu àga."

Bernice rò ó. Kò sí ibi tí wọ́n ti yá Dickson lọ rí. "Ẹ̀ka ìdánwò ń wá ẹni," ló sọ. "Oṣù mẹ́fà. Bóo bá fẹ́, màá kọ orúkọ rẹ."

Dickson lọ. Òwú ló mú bọ̀: ní ẹ̀ka ìdánwò, àwọ̀ òwú tí wọ́n fi ń so ìwé yàtọ̀ láti ẹ̀ka kan sí èkejì, ènìyàn á mọ fáìlì láti òkèèrè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n yá Nkechi láti ilé ìkàwé, lẹ́yìn Nkechi, ẹlòmíràn. Bernice fúnra rẹ̀ tún lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, sí ilé ìwòsàn yunifásítì àti sí ọ́fíìsì àwọn káfíńtà. Kò sí ìgbà tó dé tí kò mú nǹkan bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ iyọ̀ díẹ̀. Ní Boundary, Ejiro ṣì ń pè é ní sẹ́kọ́ńdì-háǹdì. Ó ń jẹ́ ẹ.

Ní ọdún 1996, wọ́n yá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chidera fún yàrá fáìlì. Ní ọjọ́ kìíní rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tuntun, obìnrin arìnjẹ́jẹ́ tó wọ awò ojú, fún un ní káàdì kan kó fi rọ́pò ara rẹ̀ níbi tó ti wá.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ń pè é ní tálì? Káàdì lásán ni."

"A yá a láti Àpápá ni."

"Àbí? Ìgbà wo lẹ máa wá dá a padà?"

Bernice wo àga kìíní tó jókòó lé, tí káàdì Ọ̀gbẹ́ni Fidelis ṣì so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti pọ́n. Ó ti bíírò síwájú ọmọ náà.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní padà mọ́," ló sọ. "Ìwọ ni wàá padà. Kọ ọjọ́ náà."